Ọ̀pá Irin Tí Mo Fà Tu

Ilé Olówòkéré,
Ẹ̀gbẹ́ Èbúté,
Zion Pẹpẹ, Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mẹ́fà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Adétutù aya rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Promise ńkọ́? Ọmọ yẹn á ti ga jù mí lọ báyìí. Gbọ́láhàn tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ sọ pé òun rí ọ ní Ìlọrin nígbà tí òun lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Ó ní o rù díẹ̀, o sì ti ń hu ewú. Ewú kì í ṣe nǹkan, èmi náà ti hu tèmi. Ohun tó dùn mí ni pé ó ní o ti pa iṣẹ́ iná tì, pé ọ̀kadà ni o ń tún ṣe báyìí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìwọ Kọ́lájọ kan náà ló rí.

Ní tiwa, a ń dúpẹ́. Moríkẹ́ aya mi wà, ẹnu rẹ̀ náà sì wà níbi tí o fi í sí. Ó kí ọ. Dùnníolúwa ọmọ wa ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, Igbókòdá ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá wà láyé. Mo mọ̀ pé o lè fẹ́ ká ìwé yìí padà nígbà tí o bá rí orúkọ wọn. Mo fi ọjọ́ tí a jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà bẹ̀ ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé o kì í gbé e bí o bá rí nọ́ńbà mi, mi ò sì bá ọ wí. Ìdí mìíràn ni pé mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rọ̀ omi, a ó sì pa fóònù láìsọ ohun tí mo pè fún. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú ìwé, kò ṣeé gbé mì mọ́.

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni èémí Bàbá kò ti já gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Igbókòdá kí wọ́n lè fa atẹ́gùn ẹ̀rọ símú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nínú ọkọ̀ lójú ìrì òwúrọ̀, o mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, Dùnníolúwa bá wa wá ẹ̀rọ kan tó ṣeé lò nílé. Kò ju garawa ńlá lọ, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà kò ní wọ ilé wa àfi bí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ bá yẹ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wò. Ó ní òun kò ní sin ìyá-àgbà kí òun tún wá sin bàbá-àgbà nínú ilé kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníṣẹ́ iná.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá ni ilé wa kò ti tan iná ìlú mọ́. Bàbá ló ní kí wọ́n gé wáyà tó wá láti ibi jẹnẹrétọ̀ tí ìlú jọ ń lò. Iná kékeré tó ń gba agbára oòrùn ni a fi ń ríran. Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí o kàn mọ́ ògiri pákó ní ọdún 1998 ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti ràwọ̀ ni, iyọ̀ òkun ti jẹ irin inú wọn. Moríkẹ́ ti sọ èyí tó wà ní ilé ìdáná di ibi tó ń fi asẹ́ kọ́.

Kọ́lájọ, mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n jù bó ṣe yẹ lọ, kí n lè dé ibi tí mò ń lọ. Ọ̀sán gangan ni òkun ya wọ ilé wa, omi mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá rántí ẹja wọn tó wà nínú fíríísà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú omi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n di ọwọ́ fíríísà mú. Abọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn la gbọ́. Nígbà tí a fi máa já iná, ẹ̀mí ti bọ́ lára wọn.

Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀ wá bá wa sunkún. Lọ́jọ́ ìsìnkú, oníṣẹ́ iná kan tó wà láàárín àwọn àlejò yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríísà wò, ó ní kò sí ẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. Ó ní ká ní wáyà ẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ ni, inú ilẹ̀ ni iná náà ì bá gbà lọ, kì í ṣe ara ìyá àgbà. Bàbá bá dìde lójú gbogbo ìjọ, wọ́n ní ọwọ́ rẹ ló pa aya àwọn, kí o má tún fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ilé àwọn mọ́ láyé. O dọ̀bálẹ̀, o ní, “Bàbá, mo gbá irin ẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀.” O sì bọ́ sí abẹ́ ilé lọ wò ó. Nígbà tí o jáde, ẹrọ̀fọ̀ mù ọ́ dé itan, o kò sì rí irin náà. O wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwo ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Rejoice wá, ọmọbìnrin oníṣẹ́ iná láti Igbókòdá, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá kọ́kọ́ ní àwọn ò tíì rí obìnrin tó ń bá iná ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rí i pé ó tẹjú mọ́ ọ̀pá tí a ń so ọkọ̀ mọ́ ní èbúté wa. Mo rò pé yíyọ̀ pákó ló ń bà á lẹ́rù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó tì mí lójú fún ọ: mò ń retí kó fi iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀sín. Bó bá fi ṣẹ̀sín, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó pè mí, ó ní kí n wá wo nǹkan. Nínú gbogbo wọn, láti yàrá Bàbá dé ilé ìdáná, wáyà aláwọ̀ ewé wà lẹ́nu ihò kẹta, o dè é dáadáa, o ká etí rẹ̀, o sì fi téèpù wé e. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ́. Ó béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti gbó ni, wọn ò burú láti ilẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé pé bí iná bá ṣìnà bọ́ sí ara irin ẹ̀rọ, wáyà aláwọ̀ ewé yẹn ló ń kó o lọ sínú ilẹ̀ kó tó kan ènìyàn. Gbogbo wọn ló wá pàdé, wọ́n di ẹyọ kan, ó sì gba inú ihò ilẹ̀ pákó lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí omi fà, èmi àti ẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ilé. Wáyà náà tẹ̀ lé òpó ilé bọ̀, àwọn ìṣó tí o kàn lé e lórí ṣì dì í mú. Nígbà tó dé ibi orúnkún mi, ó parí. Eku kọ́ ló jẹ ẹ́, ìpẹtà kọ́ ló já a. Ọ̀bẹ ló gé e, ojú ibi tó ti gé dán.

Rejoice béèrè irin tó yẹ kó so mọ́. Mo ní bóyá ẹrọ̀fọ̀ ti gbé e mì. Irọ́ tí mo pa kẹ́yìn nìyẹn. Ó gba abẹ́ ilé lọ sí èbúté, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ọ̀pá tí a so ọkọ̀ mi mọ́, ó sì fi ẹ̀yìn irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ha ìkarahun àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò. Òrùka idẹ tí ẹ fi ń de wáyà mọ́ irin jáde sí gbangba. Wáyà gígùn bí àtàǹpàkò ṣì há sínú rẹ̀, awọ ewé rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní etí òrùka yẹn tó yọ síta lòun rí nígbà tí òun ń bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀. Ó bi mí ta ló fa irin náà tu. Moríkẹ́ dúró lórí afárá pákó, abọ́ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní èmi ni.

Èmi ni, Kọ́lájọ.

Ọdún 1999 ni, o ti lọ ṣiṣẹ́ ní Wàrí. Pọ́ọ̀lù gbẹ́nàgbẹ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, èyí tí mo fi ń yangàn. Igi tí mo rì fún un, kòkòrò omi jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù mẹ́rin, ọkọ̀ náà sì já lọ lẹ́ẹ̀mejì. O mọ bí irin ṣe wọ́n lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń fi irin gígùn sílẹ̀ kó máa jókòó nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo wo abẹ́ ilé, mo rí ọ̀pá irin kan tó dúró gbagidi, wáyà tín-ín-rín kan ló rọ̀ mọ́ ọn. Lójú èmi ọmọ olómi, ọ̀pá tí a kò so ọkọ̀ mọ́, tí a kò so àwọ̀n mọ́, ọ̀pá aláìníṣẹ́ ni. Mo fi ọ̀bẹ ẹja gé wáyà náà. N kò tilẹ̀ gé e lásán, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo gòkè lọ tan iná wò. Iná tàn. Fáànù yí. Fíríísà Ìyá ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Mo ní ṣé ẹ rí i, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Mo fà á tu, mo lọ rì í sí èbúté.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, àìmọ̀kan ni à bá pè é, o lè bú mi kí o sì dárí jì mí. Ibẹ̀ kọ́ ló mọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí o sọ pé o gbá irin wọlẹ̀, mo rántí ọ̀pá tí mo fà tu. Mi ò mọ ohun tí irin náà wà fún dájú, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ tó láti la ẹnu. Mo wo ojú Bàbá, ẹ̀rù bà mí, mo ní kí ọjọ́ náà kọjá. Ọjọ́ náà kọjá lóòótọ́, ìwọ náà sì bá a lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti ṣòro. Nígbà tó di ọdún kejì, mo ti ń sọ fún ara mi pé irin mìíràn ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú Ìyá ni mo ṣì fi ń so ọkọ̀ mọ́ ọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti odò dé. Irin tó yẹ kó dúró ti Ìyá, ọkọ̀ mi ló dúró tì.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò parọ́ o, mo kàn dákẹ́ ni. Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn títí di ọjọ́ Ajé.

Moríkẹ́ kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gbé abọ́ ẹja sílẹ̀, ó ní bí n kò bá sọ ọ́ fún Bàbá kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, òun á sọ ọ́. Mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí èbúté. Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀pá náà, wọ́n fi ìka wá òrùka idẹ rí, wọ́n dì í mú pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ọmọ tí mo lé lọ ló rì í. Èyí tí mo fi jókòó ti ara mi ló fà á tu.” Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń gbé wọn sínú ọkọ̀, mo ń gbé wọn jáde, bí ẹni gbé ẹrù.

Rejoice ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti yọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó ti fi tuntun sí i, ó sì ti fi ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣìnà sí ẹnu ọ̀nà. Wáyà rẹ tó wà nínú ògiri, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án, kò sí ohun tó ṣe é. Mo fa ọ̀pá èbúté tu, ó gbà mí ní wákàtí kan. Ó ní ó ti dípẹtà jù láti tún lò. Ó mú tuntun wá, tó fi bàbà bò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó gbé òòlù pé kó gbá a wọlẹ̀, Bàbá jáde, wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn dá a dúró. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa rì í àfi Kọ́lájọ. Wọ́n ní ojú gbogbo ìjọ ni àwọn ti ba orúkọ rẹ jẹ́, ojú gbogbo ìjọ náà ni àwọn ti máa tún un ṣe. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n wá sí ilé wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó gbọ́ èébú ọjọ́ ìsìnkú kó wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bàbá wa yìí, tí kò bẹ ẹnì kan rí láyé tí mo mọ̀ wọ́n.

Dùnníolúwa bínú sí wọn gan-an, ó ní a kì í fi èémí dúró de ènìyàn. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí o rò pé a fẹ́ fi àìsàn Bàbá fà ọ́ wá. Bí o kò bá lè wá, tàbí bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, Rejoice á gbá irin náà wọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá gbà o, wọn ò gbà o. Mo ti bá a ṣe àdéhùn. Èmi náà á dúró lójú gbogbo wọn, n ó sọ ohun tí mo kọ sínú ìwé yìí, ìwọ ì báà wà níbẹ̀, ìwọ ì báà má sí. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ, gbèsè tèmi ni.

Mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a ń fi ìwé ojú mẹ́rin tán. Mo gba iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ, mo gba èbúté ilé wa lọ́wọ́ rẹ, o kò sì lè wá sí ibojì Ìyá, ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ àwọn kejì. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀, ì báà jẹ́ òun nìkan lo mú nínú lẹ́tà yìí, ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò pa á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Ọmọdé kan tí kò mọ̀ ọ́ rí ló tú u wò, òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Adétutù, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí i létí, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí Promise, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ mọṣẹ́. Moríkẹ́ ní bí o bá ń bọ̀, òun á se ẹja tútù fún ọ bí Ìyá ṣe máa ń sè é. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun á fún èmi.

Ohun kan ló kù. Bí o bá wá, o kò ní rí ibi tí o máa so ọkọ̀ mọ́ ní èbúté wa. Mo ti fa ọ̀pá náà tu, mi ò sì tíì rì òmíràn. Má wulẹ̀ wá okùn kiri. N ó ti wà nínú omi láti òwúrọ̀, ọwọ́ ara mi ni n ó fi di ọkọ̀ náà mú títí ẹsẹ̀ rẹ á fi tẹ pákó ilé.

Èmi ni, ẹni tó wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà,

Ayọ̀délé Olówòkéré.